Ogún Ìṣẹ́jú Dókítà Pẹ̀lẹ́

Lọ́jọ́ tí adájọ́ ka ìdájọ́ rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wọ Ìyá Fáìlì létí nínú gbogbo rẹ̀. Adájọ́ ní òfin kò fi àyè sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni pe aṣèwádìí Ìgbìmọ̀ Ìwé Àṣẹ Dókítà lẹ́jọ́ nítorí iṣẹ́ tó bá fi ọkàn mímọ́ ṣe, kódà bó bá ṣì í ṣe. Adájọ́ dìde, ẹjọ́ parí. Lọ́yà Ìgbìmọ̀, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ máa ń dán ju iwájú orí rẹ̀ lọ, yíjú sí i.

"Ẹ kú oríire, Mà. Òfin ti fi agboòrùn bò yín. Òjò yòówù kó rọ̀, ẹ̀yin ò ní tutù."

Ìyá Fáìlì dúpẹ́, ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà de lọ́yà. Ibẹ̀ ni ọkùnrin tó pè é lẹ́jọ́ ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà àwọn ọmọdé ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Gbogbo ilé ìwòsàn ló ń pè é ní Dókítà Pẹ̀lẹ́, nítorí pé kò sí ọmọ tó máa fọwọ́ kàn láìkọ́kọ́ sọ pé "pẹ̀lẹ́" fún un, títí dórí ọmọ ọjọ́ méjì tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí sírínjì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á kí sírínjì náà ní pẹ̀lẹ́. Bó ṣe ń jáde ní kóòtù lọ́jọ́ náà, èjìká rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn, ó sì sọ pé pẹ̀lẹ́. Bóyá ilẹ̀kùn ló ń bá sọ̀rọ̀, bóyá Ìyá Fáìlì ni, obìnrin náà kò mọ̀. Ó rò ó délé.

Ó yẹ ká mọ irú ẹni tí Ìyá Fáìlì jẹ́ ká tó máa bá a wí. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ló fi dúró ní wọ́ọ̀dù kó tó di pé orúnkún rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́, tó sì lọ gba iṣẹ́ ní Ìgbìmọ̀. Bí aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ bá kọ̀wé fẹ̀sùn kan dókítà, òun ni yóò lọ yẹ fáìlì wò, tí yóò fọ̀rọ̀ wá àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́nu wò, tí yóò sì kọ ohun tó bá rí síwájú àwọn àgbà Ìgbìmọ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, níbẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà. Bíírò pupa ló fi máa ń fàlà sábẹ́ gbogbo wákàtí tó bá wà nínú ìwé, nítorí ó gbà pé ènìyàn lè purọ́ ṣùgbọ́n aago kì í purọ́. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí ẹnu rẹ̀ mú ju ayùn rẹ̀ lọ, máa ń ní lọ́jọ́ tí aya òun bá dé ọ̀run, kó tó jókòó, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé fáìlì wá.

Ẹ̀sùn Dókítà Pẹ̀lẹ́ kò díjú lójú rẹ̀ rárá. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá pẹ̀lú gìrì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan kò gbọ́rọ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ sì kọ̀wé pé dókítà pẹ́ kó tó dé. Ta ló máa dá ìyá lẹ́bi? Bí gìrì bá mú ọmọ ẹni lọ́wọ́ ẹni, ìṣẹ́jú kan á gùn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Dókítà ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré lòun fi rìn láti ilé òun tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ìyá Fáìlì ṣí ìwé. Ìwé yàrá tẹlifóònù sọ pé aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́ọ̀dù ní kí wọ́n pe dókítà. Fáìlì ọmọ náà, lọ́wọ́ ìkọ̀wé dókítà fúnra rẹ̀, sọ pé aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì ló dé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì tó ní kí wọ́n pè é jẹ́ àlejò, wọ́n yá a láti wọ́ọ̀dù mìíràn fún ọjọ́ mẹ́ta. Òun kọ ọ́ sínú fáìlì pé aago mẹ́ta ààbọ̀ lòun pe dókítà. Ìyá Fáìlì ní irọ́ ni, ó ń gbè sẹ́yìn dókítà ni. Inú yàrá títì ni àwọn àgbà Ìgbìmọ̀ ti gbọ́ ẹ̀sùn náà, kò sẹ́ni tó bi àwọn nọ́ọ̀sì yòókù ní ohunkóhun. Wọ́n ní dókítà lọ́ra, ó sì tún purọ́ lé e. Wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọdún kan, pé bí ọdún náà bá pé, kó wá bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àwọn máa dá a padà. Nọ́ọ̀sì gba lẹ́tà ìkìlọ̀. Ó ti lé lóṣù méje báyìí, ọkùnrin náà sì ti lọ sí kóòtù, ó ti fìdí rẹmi níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìdájọ́, ibà mú ọmọ-ọmọ Ìyá Fáìlì, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan tó máa ń bá àgbàlagbà jiyàn tí àgbàlagbà á sì tọrọ gáfárà. Wọ́n dá a dúró ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé yẹn kan náà. Ìyá rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, nítorí náà ìyá àgbà ló ń jókòó tì í. Lọ́jọ́ kejì, ibà ti rọlẹ̀, ọmọ ti ń béèrè bàtà rẹ̀. Wọ́n ti ní aago mẹ́rin ni yóò tún lo oògùn. Ìyá Fáìlì gbójú sókè wo aago ògiri, ó rí i pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀ ni. Ó gbọn ọwọ́, ó gbé aago sí etí. Ó yọ fóònù jáde nínú báàgì. Aago mẹ́ta ààbọ̀ náà ni.

Ó pe nọ́ọ̀sì kan tó ń ká aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, aago yín yìí ń sáré o."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn, Mà. Mátírọ́ọ̀nù wa tó ti fẹ̀yìntì ló tì í síwájú, torí àwọn tó máa ń pẹ́ dé síṣẹ́ ọ̀sán. Ogún ìṣẹ́jú ni. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kémi tó dé ibí."

"Èwo lẹ wá ń kọ sínú fáìlì?"

"Ohun tó bá wà lójú ògiri náà ni. Gbogbo wa la ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

"Àwọn dókítà ńkọ́? Wọ́n mọ̀?"

"Ta ló máa sọ fún wọn? Ọ̀rọ̀ ilé wa ni."

Ìyá Fáìlì tún wo aago ògiri náà. Òun náà ti gun àga rí, ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó sì ti fi ìka òun yìí ti ọwọ́ aago síwájú ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí àwọn tó máa ń pẹ́ dé níbi tirẹ̀ náà. Kò sí ọ̀gá nọ́ọ̀sì tí kò mọ ọgbọ́n yìí. Dókítà ni kì í mọ̀ ọ́n, pàápàá èyí tí kì í wọ aago ọwọ́ torí pé ó ń fọ ọwọ́ títí dé ìgbúnwọ́ ní ogójì ìgbà lójúmọ́. Ó rántí ọjọ́ tó wá ṣèwádìí níbí. Abẹ́ aago yìí ló dúró sí fún wákàtí méjì tó ń da fáìlì kọ, tó ń fàlà pupa, kò sì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ṣe ìṣirò náà wàyí, bí ọmọ iléèwé. Yọ ogún kúrò nínú ọgbọ̀n tí nọ́ọ̀sì àlejò kọ, ó ku mẹ́wàá, bó ṣe wà nínú ìwé yàrá tẹlifóònù gan-an. Yọ ogún kúrò nínú márùndínlógójì, ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n pè é, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló dé. Ìṣẹ́jú márùn-ún, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ fà á láṣọ. "Ìyá àgbà, ẹ ń sunkún."

"Ojú ló ń dùn mí."

"Kí nọ́ọ̀sì gún yín lábẹ́rẹ́," lọmọ wí, ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ bàtà rẹ̀.

Lọ́yà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó dìde lọ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. "Mà, ẹjọ́ ti parí. Ẹ má tú u wò mọ́."

"Ọkùnrin yẹn ò jẹ̀bi."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré ló kù fún un. Bó bá bẹ̀bẹ̀ dáadáa, wọ́n lè dá ìwé àṣẹ rẹ̀ padà."

"Kí ló fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún?"

"Fún irọ́ tó pa."

"Kò pa irọ́."

Lọ́yà wo bàtà rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ibi tí òjò máa gbà wọlé. "Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọkàn mímọ́ ni òfin wí. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé aago ò tọ́, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún méjìdínlógún, ṣé ẹ ò mọ̀ pé wọ́n máa ń ti aago síwájú ni? Ṣé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀. Mi ò rántí ni."

"Ta ló máa gbà pé ẹ ò rántí? Wọ́n á ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ọjọ́ náà ni agboòrùn máa ya, òjò á pa yín nìkan, ilé yín ni ẹjọ́ náà sì máa kàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ dákẹ́. Ẹ má sì dé ilé ọkùnrin yẹn."

Ìyá Fáìlì gba ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ lọ tààrà. Ọkọ ń fá pákó, èérún igi ti bo bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkọ kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a," ni ọkọ wí nígbà tó yá. "Tìrẹ yìí ò tiẹ̀ tíì pé ọdún kan. Ẹsẹ̀ òótọ́ yá sí ọ̀dọ̀ rẹ."

"Ẹ má fi mí ṣeré, Bàbá wọn. Bí wọ́n bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́? Bí wọ́n bá wá fa gbogbo wa lọ kóòtù?"

Ọkọ gbọn èérún igi kúrò lára àga kan tó ti ṣe parí láti ọjọ́ pípẹ́. "Wo àga méjì yìí, kò sẹ́ni tó rà wọ́n. Bó bá dé bẹ́ẹ̀, èmi àti ìwọ á jókòó lé wọn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú aya rẹ̀, ó sì fi èérún igi kùn ún. "Ìyá wọn, o ti pinnu kó o tó kúrò nílé. O kàn wá wò bóyá màá bẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Máa lọ."

Ló bá padà sí ọ́fíìsì, ó kọ ojú ewé méjì. Ojú ewé kìíní sọ ti aago, ó sì dá dókítà àti nọ́ọ̀sì àlejò láre. Ojú ewé kejì kò gùn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo mọ àṣà yìí. Ọwọ́ mi ti ṣe é rí. Mo dúró sábẹ́ aago náà, n kò sì wò ó." Ó fọwọ́ sí i, ó fi í lé akọ̀wé Ìgbìmọ̀ lọ́wọ́, ó dúró títí akọ̀wé fi lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tirẹ̀. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Dókítà Pẹ̀lẹ́.

Ìyàwó dókítà ló ṣílẹ̀kùn. Ó mọ̀ ọ́n láti kóòtù. "Ẹ ti gba ìwé rẹ̀. Kí ló kù tẹ́ ẹ tún fẹ́ gbà?"

Ohùn kan dáhùn láti inú ilé. "Jẹ́ kó wọlé. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, mo rí i bó ṣe ń bọ̀ láti ojú fèrèsé."

Dókítà jókòó sídìí tábìlì kékeré kan. Aago ọwọ́ tuntun kan wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ìwé àjákọ iléèwé kan sì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ ti kọ́ Ìyá Fáìlì láti ka ìwé ní ìdoríkodò. Ó rí ọjọ́ tò tẹ̀ lé ọjọ́, iye ìṣẹ́jú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: márùn-ún, márùn-ún, mẹ́fà, márùn-ún. Kò tíì mọ ohun tó jẹ́. Ó kọ̀ láti jókòó. Ó sọ ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ti aago, ti àga tó gùn lọ́jọ́ Ajé yẹn, kò fi ìkankan sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó gbé ẹ̀dà ìwé rẹ̀ sórí tábìlì.

"Wọ́n ní òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà mí wá síwájú yín, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹsẹ̀ ara mi wá. Èmi ni mo ṣì í. Ẹ ò pẹ́. Ẹ ò sì purọ́."

Dókítà ka ojú ewé méjèèjì, ó tún padà ka èkejì. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Ọmọ náà ńkọ́?" ni dókítà béèrè. "Ibà náà ti lọ?"

"Ó ti lọ, sà. Ọ̀la la máa lọ sílé."

"Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò?"

"Etí méjèèjì."

"Ó dáa." Ó fa ìwé àjákọ náà súnmọ́ ara rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń kọ síbí? Láti oṣù mẹ́jọ, lọ́sàn-án gbogbo, mo máa ń rìn láti ilé yìí dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn wọ́ọ̀dù, màá sì kọ iye ìṣẹ́jú tí mo lò sílẹ̀. Mo gba ìwé yín gbọ́, Mà."

Ìyá Fáìlì tún ka iye ìṣẹ́jú náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Mo sọ fún adájọ́ pé mi ò purọ́, torí mi ò mọ̀ pé mo pa á. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, màá ní, ọwọ́ ara mi ló kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó ní aago mẹ́ta ààbọ̀ lòun pè mí, mo rò pé àánú mi ló ṣe é. Bí ìwé bá ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí orí mi ní márùn-ún, orí mi ló ti ń lọ nìyẹn. Bí ti bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àkókò kékeré ló kọ́kọ́ sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, orúkọ wa ló kàn." Ó pa ìwé dé. "Mo ti pinnu pé bí wọ́n bá tiẹ̀ dá ìwé àṣẹ mi padà, mi ò ní fọwọ́ kan ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo lè tún sọ ogún ìṣẹ́jú nù, kí ọmọ kú sínú rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "O ò sọ fún mi," ló wí. "Oṣù mẹ́jọ. O ní eré ìdárayá lò ń rìn."

"Kí ni ǹ bá sọ fún ọ?"

Obìnrin náà kò bínú sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbá orí ọkọ rẹ̀ mọ́ra, ó fọwọ́ pa irun funfun rẹ̀, ó ń sọ pé orí yìí pé, orí yìí pé, òun ti mọ̀ pé ó pé. Dókítà sunkún láìbojú. Ìyá Fáìlì wá jókòó níkẹyìn. Ẹ̀ṣẹ̀ tó gbé wá jẹ́wọ́ kéré sí ibi tó rí pé òun ti ṣe sínú ilé náà, ó sì dùn ún dé egungun.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún ni," ni dókítà wí nígbà tó nu ojú tán.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, sà."

Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi í lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. "Mà, ẹ bá mi lọ. Lónìí, ẹ̀yin lẹ máa kà á."

Àwọn méjèèjì gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun sí, wọ́n kọjá níbi tí àwọn alásè ti ń fọ ìkòkò. Ìyá Fáìlì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń tiro. Lójú ọ̀nà, dókítà ní lọ́yà òun máa fẹ́ rí ojú ewé kejì yẹn. Ìyá Fáìlì ní òun mọ̀.

"Màá sọ fún un pé mo ti rí ohun tí mo wá lọ kóòtù," ni dókítà wí. "Ohun tí àwọn àgbà Ìgbìmọ̀ máa ṣe nìkan ni mi ò lè sọ."

"Èmi àti wọn ni, sà. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn wọ́ọ̀dù. Dókítà dúró síbẹ̀, torí kò tíì ní ìwé àṣẹ tó máa fi gun òkè. "Mélòó?"

"Mẹ́jọ, sà. Orúnkún mi ló ni mẹ́ta níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí Ìyá Fáìlì máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lókè, láti ojú fèrèsé, ọmọdébìnrin kan tó ti wọ bàtà rẹ̀ ń ju ọwọ́ sí ìyá àgbà rẹ̀. Dókítà ju ọwọ́ padà sí i. Lẹ́yìn náà ó yíjú, ó wo Ìyá Fáìlì bó ṣe ń wo ọmọ tó fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ló wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ilẹ̀kùn kankan nítòsí.